Ṣé O Mọ̀? Èébú Òyìnbó Tó Fúyẹ́ Létí Wọn, Tó Wúwo Létí Wa

Ṣé o mọ̀ pé “You alright?” tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ láàárọ̀, kíkí ni? Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá orí ẹ pé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba ni ọ̀rọ̀ yìí ti bí nínú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọṣẹ́, torí pé nílé, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ẹ tó ní “Are you alright?”, ó ń wádìí bóyá wèrè ti ń yọ lára ẹ ni. Ìdáhùn tí òyìnbó yẹn ń retí ò ju “Yeah, you?” lọ, kí oníkálukú sì kọjá sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ti wa náà máa ń dùn wọ́n? “O ti sanra o!” tí ìyá ẹ máa fi ẹ̀rín sọ tó bá rí ẹ lẹ́yìn ọdún méjì, ìròyìn ayọ̀ ni: oúnjẹ ń bẹ, ọkàn balẹ̀. Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún obìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, o ti bú u nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan nínú gbólóhùn náà tí o lè wá lọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, ìtumọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ; kò sẹ́ni tó fi òṣùwọ̀n lé e lọ́wọ́. Á gbé èyí tó fúyẹ́ bí ẹni gbé ọlọ, á sì máa sọ èyí tó wúwo bí ẹni ń ju ẹ̀pà sẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀? Jean-Marc Dewaele, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Birkbeck, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 30 jọ, láti orí èyí tí kò tó nǹkan dé orí ọ̀rọ̀ kòbákùngbé. Ó bi èèyàn tó lé ní 2,000 pé báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe burú tó. Bí ìdajì wọn ló bá Gẹ̀ẹ́sì dàgbà. Àwọn tó kù, ṣe ni wọ́n kọ́ ọ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Àwọn tó kọ́ èdè náà ka ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sí èébú tó burú ju bí àwọn onílé ṣe kà á lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù lọ nínú gbogbo ọgbọ̀n, òun gan-an ni wọn ò mọ bó ṣe burú tó.

Dewaele yìí kan náà rí i pé àwọn onílé pàápàá ò fẹnu kò. Ará Britain ló ń lo “bollocks”, ará Amẹ́ríkà ló ń lo “jerk”. Òkun Àtìláńtíìkì là wọ́n láàárín.

Ṣé o mọ̀ pé ìre ni “silly” tẹ́lẹ̀? Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “sǣlig” ni ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ẹni ìbùkún. Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ “selig” títí dòní, ẹni ìbùkún náà ni wọ́n ń wí. Lórí ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ìbùkún di ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó di ẹni tó ń ṣeni láàánú, ó wá di ẹni tí kò gbọ́n. Síbẹ̀ ìwọ̀nba ìwúwo ló ní lọ́hùn-ún: ìyá á fi “silly” pe ọmọ tó da mílíìkì sára, ọmọ á rẹ́rìn-ín. Sọ “You are very silly!” fún awakọ̀ ní Mókólá, kí o tó parí rẹ̀ ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

“Nice” gba ọ̀nà kejì. “Nescius” ti èdè Látìn ló bí i, ìyẹn aláìmọ̀kan. Ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, bí o bá pe ẹnìkan ní “nice”, òpè lo pè é.

“Dunce” ńkọ́, èyí tí àwọn tíṣà fi ń na ọkàn wa bí wọ́n ṣe ń fi ẹgba na ìdí? Orúkọ ọ̀mọ̀wé ni. John Duns Scotus, àlùfáà láti ìlú Duns ní Scotland, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ láyé ìgbà rẹ̀. Ó kú sí ìlú Cologne ní 1308. Ó tó bí 200 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn tí kò fẹ́ ìlànà rẹ̀ mọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ bú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, pé olóríkunkun tí kò lè kọ́ nǹkan tuntun ni wọ́n. Ní 1993, ìjọ Àgùdà kà á mọ́ àwọn ẹni ìbùkún. Ní kíláàsì tèmi, ọmọ kan wà tí “olódo” di orúkọ rẹ̀ títí a fi jáde. Mi ò tíì pàdé ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ó sì ń dùn mí.

Ará oko ni òyìnbó náà kọ́kọ́ ń bú. “Villain”, tó ti di ọ̀daràn inú fíìmù, òṣìṣẹ́ oko ni ní Faransé àtijọ́. “Boor”, àgbẹ̀ ni lédè Dutch. Àwa náà mú “bush” àti “local” lọ́wọ́ wọn, a sì sọ ọ́ di tiwa. Pe ọmọ Èkó ní “local”, ó ti bínú. Òyìnbó tó bá gbọ́ “You are too local” á máa rò pé ìtòsí ni wọ́n ní òun ń gbé.

Ṣé o mọ̀ pé “git” tí wọ́n ń pe ara wọn nínú eré àwàdà tẹlifíṣọ̀n, “ọmọ àlè” ni gbòǹgbò rẹ̀? Láti ara “get” ló ti wá, ohun tí èèyàn bí. Ofcom, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Britain, kà á mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ nínú ìwádìí rẹ̀ ní 2016, òun àti “bloody”, “damn” àti “cow”. Bẹ́ẹ̀ ni, màlúù! Kò pọn dandan kí wọ́n fi í pamọ́ di aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí àwọn ọmọdé bá ti sùn. Ṣùgbọ́n nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó wà ní Westminster, “git” wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí olórí ilé ti kọ̀ fún wọn láti máa sọ síra wọn, pẹ̀lú “eku”, “ẹlẹ́dẹ̀”, “ojo” àti “ọ̀dàlẹ̀”. “Liar” ló lágbára jù níbẹ̀. Ní July 2021, wọ́n ní kí Dawn Butler jáde kúrò nínú ilé torí ó sọ pé olórí ìjọba, Boris Johnson, parọ́, kò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Kí a dúró díẹ̀ lórí ọmọ àlè.

January 2008, ní Sydney, eré kíríkẹ́ẹ̀tì láàárín Ọsirélíà àti Íńdíà. Brad Hogg tó ń gbá fún Ọsirélíà pe Anil Kumble, ọ̀gá ikọ̀ Íńdíà, àti Dhoni tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ náà ní “bastards”. Létí ará Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ ìkíni láàárín ọ̀rẹ́. Wọ́n tún lè fi í káàánú èèyàn. Létí àwọn ará Íńdíà, ìyá ẹni ni wọ́n nawọ́ sí. Wọ́n fẹjọ́ sùn, wọ́n sì fẹ̀sùn tó nípọn kan Hogg. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Kumble fúnra rẹ̀ ní àwọn fa ẹ̀sùn náà sẹ́yìn.

Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá ò ní béèrè ìdí tí inú Kumble fi ru. Ọmọ àlè ò fi ibì kan jẹ́ èébú tí à ń bú ènìyàn kan ṣoṣo. Ó kan ìyá tó bí i, ó kan bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ, ó kan oríkì, ó kan ilẹ̀ tí wọ́n pín fún un nígbà tí bàbá kú. Òyìnbó tí ogún rẹ̀ ò sí lẹ́nu ẹbí mọ́, tí ọmọ ilé rẹ̀ ń bímọ láìṣègbéyàwó tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, kí ló kù nínú ọ̀rọ̀ náà fún un? Èèpo ló kù. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa hóró ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ń gbọ̀n nítorí “bastard”, kò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé “bloody” ti mi Lọ́ńdọ̀nù tìtì rí? Ní April 1914, George Bernard Shaw gbé eré rẹ̀ Pygmalion wá sórí ìtàgé His Majesty’s. Ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ èdè gan-an ni: ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó lójú títì, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọlọ́lá. Ó ti kọ́ ohùn, ó ti kọ́ ìjókòó, ó wá fi ohùn dídára yẹn sọ “bloody” láàárín àwọn ọlọ́lá. Ìwé ìròyìn ò sinmi. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń fi “Pygmalion” rọ́pò ọ̀rọ̀ náà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ní 2006, ìpolówó ọjà tí Ọsirélíà fi ń pe àlejò wá sí ìlú wọn ní “bloody hell” nínú. Wọ́n kọ́kọ́ dí i lọ́nà lórí tẹlifíṣọ̀n Britain, kí wọ́n tó gbà á láyè. Ọ̀gá àjọ ìrìn-àjò afẹ́ Ọsirélíà nígbà náà, Scott Morrison, di olórí ìjọba ní 2018. Àwa ní Nàìjíríà, ẹnu sọ́jà la ti gbọ́ ọ: “bloody civilian”. Ẹni tó gbọ́ ọ nígbà ìjọba ológun, tó gbọ́ ọ pẹ̀lú kóbókò, kò sí Ofcom tó lè sọ fún un pé ó fúyẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé “idiot”, “imbecile” àti “moron” ti jẹ́ ọ̀rọ̀ dókítà rí? Ìpele mẹ́ta ni wọ́n: “idiot” ló kéré jù ní làákàyè, “imbecile” ló tẹ̀lé e. Henry Goddard ló ṣẹ̀dá “moron” ní Amẹ́ríkà ní 1910, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, fún ìpele kẹta. Òfin Britain ti 1913 kọ “idiot” àti “imbecile” sílẹ̀ bí orúkọ tí ìjọba ń pe ènìyàn. Orí ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ni a ti bu ọ̀rọ̀ yìí, tí a wá ń fi í ṣeré ní pápá bọ́ọ̀lù.

“Spastic” náà, orúkọ àìsàn ni, ti iṣan tó le gbagidi. Àwọn òbí tó lọ́mọ báyìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Britain ní 1952, wọ́n pè é ní Spastics Society. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́ di èébú, wọ́n gé e kúrú sí “spaz”, títí ẹgbẹ́ náà fi yí orúkọ padà sí Scope ní 1994. Èyí tó dùn mí jù nìyí: ní 1981, ètò ọmọdé Blue Peter fi Joey Deacon hàn, ọkùnrin tó ní irú àìlera yìí, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ràn lọ́wọ́ kó tó lè kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ ni. Láìpẹ́, “Joey” di èébú káàkiri pápá ìṣeré ilé ìwé.

Sùúrù, kò tán. Ní April 2006, Tiger Woods gbá gọ́ọ̀fù, kò dùn mọ́ ọn, ó fi “spaz” bú ara rẹ̀ níwájú oníròyìn. Amẹ́ríkà ò gbọ́ nǹkan kan. Òpònú lásán ni lọ́dọ̀ tiwọn. Britain gbaná jẹ, Woods sì tọrọ àforíjì. Ní 2022, Lizzo fi ọ̀rọ̀ kan náà sínú orin, wọ́n ké, ó tún orin náà kọ. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, Beyoncé ṣe bákan náà, òun náà tún tirẹ̀ kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi mu ọmú. Kí ni kí ẹni tó kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe? Inú mi dùn pé àwọn oníròyìn Yorùbá ti ń sọ “akàndá ẹ̀dá” báyìí, àti pé a ò tíì sọ ọ́ di èébú.

Ṣé o mọ̀ pé òyìnbó ní “o” àti “ẹ” tẹ́lẹ̀? “Thou” ni ìwọ, “you” ni ẹ̀yin, wọ́n sì ń fi ẹ̀yin bọ̀wọ̀ fún àgbà gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ní 1603, ní Winchester, nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́ ọ̀dàlẹ̀ fún Sir Walter Raleigh, agbẹjọ́rò ọba, Edward Coke, mọ̀ọ́mọ̀ fi “thou” bá ọkùnrin ńlá náà wí níwájú gbogbo ilé ẹjọ́, ó sì jẹ́ kó yé e pé òun ń fi í bú u ni. Àwọn ọmọ ìjọ Quaker wá dìde ní ọ̀rúndún náà, wọ́n ní ọ̀kan náà ni gbogbo èèyàn níwájú Ọlọ́run, wọ́n ń sọ “thou” fún adájọ́ àti ọlọ́lá. Wọ́n jẹ ìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìwọ kú lẹ́nu wọn, ẹ̀yin nìkan ló kù. Èyí ló fà á tí bàbá kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fi lè yí gbìrì lórí àga nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá ní “Dad, don’t be silly.” Ọmọ náà ò rí “ẹ” kan tó lè fi bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá sì ti túmọ̀ rẹ̀ lọ́kàn kí ọmọ tó pa ẹnu dé: “Má ya òmùgọ̀.” Kì í ṣe “ẹ má”, “má” ni. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnìkan lè jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tó burú jù, kí ó wá fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èyí tó fúyẹ́? Ní September 2012, Andrew Mitchell, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nínú ìjọba, fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ẹnubodè ńlá Downing Street. Ọlọ́pàá ní kó gba ẹ̀gbẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà F. Ó jẹ́wọ́ èyí, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ọlọ́pàá ní ó tún pe àwọn ní “plebs”. Èyí ló fi gbogbo ara sẹ́. Kò tó oṣù méjì, ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ní November 2014, adájọ́ ní òun gbà pé ó sọ ọ́, tàbí ohun tó jọ ọ́.

Kí ni “plebs”? Mẹ̀kúnnù ni, láti inú Látìn ti Róòmù. Olóṣèlú wa á dúró níwájú gbohùngbohùn, á ní “àwa mẹ̀kúnnù”, a ó pàtẹ́wọ́. Ní Britain, níbi tí ilé ìwé tí èèyàn lọ ti ń hàn nínú ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé: mo mọ ibi tí wọ́n bí mi sí, mo mọ ibi tí wọ́n bí ẹ sí. Ọ̀rọ̀ tó ní F nínú, ìbínú ni. Ìbínú a máa rọlẹ̀.

Ní April 2011, David Cameron, olórí ìjọba Britain nígbà náà, ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan rárá: “Calm down, dear” ló sọ fún aṣòfin Angela Eagle nínú ilé. Fara balẹ̀, olólùfẹ́. Ariwo ta. Ìwé atúmọ̀ èdè ò lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ irú èyí.

Bẹ́ẹ̀, ó ń gbìyànjú o. Èyí tí A. S. Hornby ṣe, tí Oxford tẹ̀ jáde ní 1948, tí ọ̀pọ̀ wa gbé nínú báàgì lọ sílé ìwé, ń kọ “offensive” tàbí “taboo” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ báyìí. Máa wo àmì yẹn kí o tó wo ìtumọ̀. Bí o bá rí “taboo”, mọ̀ ọ́n, má sọ ọ́. Ẹni tí ohùn rẹ̀ fi hàn pé àlejò ni, etí tí wọ́n fi ń gbọ́ èébú lẹ́nu rẹ̀ le ju èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ti ọmọ onílé lọ.

Ṣé o mọ̀ pé òfin náà ti wọn èébú rí? Ní 1942, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ọkùnrin ẹlẹ́rìí Jèhófà kan, Chaplinsky, jẹ̀bi torí ó pe ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú ní Fasísì àti oníjìbìtì, ó fi “damned” kún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni. Ní Oxford ní 2005, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ kan torí ó bi ọlọ́pàá bóyá ó mọ̀ pé “gay” ni ẹṣin tó ń gùn. Wọ́n ní kó san £80, ó kọ̀, wọ́n sì fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Láti February 2014, “insulting” ti kúrò nínú apá òfin ìlú tí wọ́n fi mú un.

Èyí tó kù kò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo kà á. Ní 2003, Catherine Harris ti Yunifásítì Boston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ̀rọ mọ́ ìka àwọn ọmọ Tọ́kì tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò ní ọmọ kékeré, ẹ̀rọ tó ń wọn òógùn tí kò tíì hàn sójú. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí ní èdè méjèèjì. Èébú mú ara wọn gbọ̀n ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Ṣùgbọ́n ìbáwí tí ìyá máa ń bá ọmọ kékeré wí, ìyẹn tó mú ara bù máṣọ lédè Tọ́kì, ní Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Mo gbà á gbọ́. Pè mí ní “idiot” nínú bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, màá wojú ẹ, màá dáhùn, n ó sì sọ̀ níbi tí mo ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan tó ń ta ata ní Peckham bá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, tó wá rọra ní “Ojú ò tì ẹ́?”, ohunkóhun tó wù kó wà lọ́wọ́ mi, mo ti jù ú sílẹ̀.